Ìwé Kóòtù Tí Wọ́n Sá Sóòrùn

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń wo ọ̀tún wo òsì, tí ẹ ń wá iṣẹ́ tí ẹ máa fi ayé yín ṣe, ẹ jókòó tì mí díẹ̀. Iṣẹ́ tí mo ṣe kì í ṣe irú èyí tí òbí ń gbàdúrà rẹ̀ fún ọmọ. N kò tí ì rí ìyá tó pọn ọmọ sẹ́yìn tó ń sọ fún un pé, "Ọmọ mi, bélífù ni wàá dà." Bélífù sì ni mo dà. Àwa là ń gbé ìwé láti kóòtù lọ fún ẹni tí wọ́n bá pè lẹ́jọ́. Àwọn àgbà ìlú Ọ̀yọ́ ń pè wá ní akódà. Àwọn tí a bá gbé ìwé fún ní orúkọ mìíràn tí wọ́n ń pè wá, ṣùgbọ́n ìyẹn ò ṣeé kọ sílẹ̀.

Mo ti ṣe iṣẹ́ náà láti ìgbà ọmọge títí di ìgbà tí àyà mi sọ pé òun ò lè gbé e mọ́. N kò tí ì darúgbó. Àìsàn ló fẹ̀yìn mi tì, kì í ṣe ọjọ́ orí. Bí mo bá sì fi orúkọ kan bo òmíràn nínú ìtàn yìí, ẹ má bínú. Ẹni tó bá bá kóòtù ṣiṣẹ́ pẹ́ á mọ̀ pé ẹjọ́ tó ti sùn, a kì í jí i.

Bí mo ṣe wọṣẹ́ ò gùn. Mo jáde ìwé mẹ́wàá, wọ́n ń wá òṣìṣẹ́ ní kóòtù kan ní ìlú Ọ̀yọ́, mo kọ̀wé, wọ́n gbà mí. Owó oṣù rẹ̀, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín ni ọ̀gá tó kọ́ mi.

Bàbá Làsísì ni wọ́n ń pè é. Ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi tí wọ́n ń sá aṣọ sí, fìlà funfun kì í kúrò lórí rẹ̀, ó sì ní kẹ̀kẹ́ ológeere kan tó fẹ́ràn débi pé kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e síbi tí òjò lè kàn án. Ọjọ́ tí wọ́n fà mí lé e lọ́wọ́, ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Bí o bá dé ẹnu ọ̀nà onílé, kí lo máa sọ?"

Mo ní, "Màá sọ pé mo mú ìwé wá láti kóòtù."

Ó ní, "Lọ sílé. Wá padà lọ́la."

Lọ́jọ́ kejì, ó tún bi mí. Mo ní màá kọ́kọ́ bèèrè bóyá ẹni tí mò ń wá wà nílé. Ó ní, "Wọ́n á ní kò sí. Kò sì ní sí lóòótọ́, nítorí odi ló máa fò. Máa kí wọn. Ìkíni ni iṣẹ́ yìí. Ìwé ló kéré jù nínú rẹ̀."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi ní ìkíni nìyẹn, èmi ọmọ Ọ̀yọ́ tí mo rò pé mo ti mọ̀ ọ́n. Báwo ni wọ́n ṣe ń kí ẹni tó ń hunṣọ? Báwo ni wọ́n ṣe ń kí aláró, ẹni tó ń dirun, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti oko? Bí mo bá ṣì í, á yí ojú sí ògiri títí màá fi tún un kí. Ó pẹ́ tí mo fi ń tẹ̀ lé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kiri Ìsọ̀kùn àti Akẹ̀sán láìfọwọ́ kan ìwé kankan. Bí a bá bá onílé níbi oúnjẹ, a dúró kí ó fọwọ́. Bí a bá bá a níbi ìrun, a dúró kí ó sálámà. Kò jẹ́ gbé ìwé fún bàbá lójú àwọn ọmọ rẹ̀. Kò jẹ́ gbé e fún ìyàwó lójú ìyá ọkọ. Bó bá sì kan gbígbé e, ó máa ń dọ̀bálẹ̀ ni, baba tó lọ́mọ-ọmọ, á fi ọwọ́ méjèèjì nà án sókè. Ó ní kí èmi máa kúnlẹ̀.

Mo bi í nígbà kan pé kí ló dé tí a fi ń kúnlẹ̀ fún ọ̀daràn.

Ó ní, "Ta ló sọ pé ọ̀daràn ni? Wọ́n pè é lẹ́jọ́ ni, wọn ò tí ì dá a lẹ́bi. Àti pé, gbọ́, ìwé tí o bá fi ìkúnlẹ̀ gbé, ọwọ́ àgbà á ti gbà á kí orí tó rántí pé òun ò fẹ́ ẹ."

Mo fojú mi rí i. Bàbá afíngbá kan wà ní Ìsọ̀kùn tó ń bá àbúrò rẹ̀ jà lórí ilẹ̀. A bá a lábẹ́ àtíbàbà, ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, igbá lórí itan rẹ̀. A kí i tán, ó ní, "Ẹni tí ẹ̀ ń wá ti kú."

Bàbá Làsísì ṣí fìlà. "Háà. Ẹ kú ará-fẹ́ra-kù, bàbá. Ìgbà wo la sin wọ́n?"

"Ní àná."

"Kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere. Ta ló wá ń bá wọn fín igbá yìí parí?"

Bàbá afíngbá gbìyànjú láti lejú, kò ṣeé ṣe. Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rẹ̀, ó fi ọ̀bẹ sílẹ̀, ó sì na ọwọ́. Nígbà tí a ń lọ, ó fún wa ní igbá kékeré kan. Bàbá Làsísì kò gbà á. Ó ní ẹni tó bá gbé ìwé wá kì í gbé ẹrù lọ.

Òfin rẹ̀ kejì ló le jù. Bélífù kì í túmọ̀ ìwé. Bí wọ́n bá bi ọ́ pé kí ló wà nínú rẹ̀, dáhùn pé kí wọ́n kà á, tàbí kí wọ́n pe ẹni tó lè kà á fún wọn. "Bélífù tó bá túmọ̀ ìwé," bó ṣe máa ń wí, "òun náà ti di ẹlẹ́jọ́." Ẹ fi òfin yìí sọ́kàn, ẹ máa rí ibi tó ti ká mi lọ́wọ́ kò.

Ọdún ń gorí ọdún. Mo fẹ́ awakọ̀ kan tó ń ná ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, a jọ ń ṣe ìjọ aláṣọ funfun kan náà. Wọ́n gbé mi lọ sí kóòtù Ògbómọ̀ṣọ́. Irinṣẹ́ náà ń yí padà. Kẹ̀kẹ́ kógbá wọlé, a bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀kadà jíṣẹ́, títí dé oko Ìkòyí-Ilé níbi tí ẹjọ́ ilẹ̀ kì í tán. Nígbà tó yá, fóònù dé, wọ́n ní bí onílé bá sá, kí n lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn, kí n ya àwòrán rẹ̀. Mo sọ èyí fún Bàbá Làsísì tó ti fẹ̀yìn tì sí Ọ̀yọ́, tó máa ń pè mí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Ó wá ní, "Ta lo wá ń kí? Ilẹ̀kùn?"

Nígbà tí kòrónà dé, ìjọba ti gbogbo ilé ìwé pa. Fúnmi, àbíkẹ́yìn mi, wà ní kíláàsì tó kẹ́yìn ní ilé ìwé gíráámà ìjọba kan ní ìlú wa. Ìdánwò àṣejáde nìkan ló kù fún un. Ọmọ náà ń kàwé lábẹ́ igi kájú lẹ́yìnkùlé títí àwọn ìwé rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í já lára ẹ̀yìn wọn. Lẹ́yìn oṣù púpọ̀, ìjọba kéde pé kí àwọn tó kẹ́yìn wọlé ní ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, kí wọ́n lè múra ìdánwò. Fúnmi fọ yunifọ́ọ̀mù rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an, ó lọ̀ ọ́, ó fi kọ́ sí ara ògiri níbi tí gbogbo wa ti lè máa rí i.

Kò pẹ́ ni Àlàájì Gàárúbà wá sí kóòtù.

Oníṣòwò aṣọ ni ní Sábó. Sàádátù, ọmọ rẹ̀, àti Fúnmi jọ wà ní kíláàsì kan náà ni. Àrùn náà ti pa ẹ̀gbọ́n Àlàájì, wọn ò sì jẹ́ kó fọwọ́ kan òkú rẹ̀ láti wẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá mọ ohun tí wíwẹ òkú jẹ́ fún Mùsùlùmí á mọ̀ pé ọgbẹ́ yẹn kò ní jinná bọ̀rọ̀. Ó bá lọ́yà wá, ó ń pe ilé ìwé àti ìjọba lẹ́jọ́ pé kí wọ́n má tí ì ṣílẹ̀kùn. Bó ṣe rí mi lẹ́nu ọ̀nà, ó dúró lọ́nà jíjìn, ìbòmú rẹ̀ bò ó dé abẹ́ ojú.

"Ìyá Fúnmi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ẹ ti rí kànga ilé ìwé yẹn?"

"Mo ti rí i, Àlàájì."

"Omi wà nínú ẹ̀?"

"Kò sí."

"Bẹ́ǹṣì kan, ọmọ mélòó ló ń gbé?"

"Iye tó bá lè gbé ni."

"Walláhì, mi ò bá yín jà. Bí mo bá dá Sàádátù nìkan dúró sílé, òun nìkan ló máa pàdánù ìdánwò. Kí gbogbo wọn dúró títí omi máa fi wà, kí àyè sì wà. Ọdún kan kò tó ẹ̀mí."

Ẹ̀rù tó ń bà á ń ba èmi náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù mìíràn tún ń bà mí: mo ti rí àwọn ọmọbìnrin ní àdúgbò wa tí wọ́n dúró sílé láàárín ìsinmi yìí, tí wọn ò ní padà sí ilé ìwé mọ́ láéláé. Òmíràn ti lóyún, òmíràn ti ń kiri ẹ̀pà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, adájọ́ fọwọ́ sí àṣẹ pé kí ilé ìwé náà wà ní títì títí wọn yóò fi gbọ́ ẹjọ́. Èmi ni wọ́n sì gbé ìwé náà fún kí n lọ jíṣẹ́ fún ọ̀gá ilé ìwé. Mo gba ilé kọjá láti mu omi. Ọkọ mi rí ìwé náà lọ́wọ́ mi, mi ò sì lè parọ́ fún un.

Ó ní, "Ọwọ́ ara rẹ lo fẹ́ fi gbé ìwé tó máa dá ọmọ rẹ dúró sílé?"

"Iṣẹ́ mi ni, Bàbá Fúnmi."

"Ọ̀gá ilé ìwé náà lè má sí nílé."

"Ó wà nílé."

"Ṣé o ti débẹ̀ ni?"

"Mi ò tí ì débẹ̀."

"Ta ló wá sọ fún ọ pé ó wà? Bí o bá débẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, ta ló máa pa ọ́?"

Fúnmi ń ro ọkà lọ́wọ́. Mo gbọ́ tí omorogùn dúró. Mo jáde sí ẹ̀yìnkùlé, mo pe Bàbá Làsísì, mo ro gbogbo rẹ̀ fún un.

"Ìwé ta ni?" ni ó bi mí.

"Ti kóòtù ni, sà."

"Ṣé tìrẹ ni?"

"Rárá, sà."

"Kí ló wá gbé e dé ilé rẹ?" Ó sì pa fóònù. Kí n tó gbéra, ó tún pè padà. "Fúnmi ńkọ́?"

"Ó wà, sà."

"Sọ fún un pé mò ń ṣàdúà fún un. Máa lọ."

Mo wọlé láti mú báàgì mi. Fúnmi kàn ní, "Mọ́mì, ẹ má gbàgbé ìbòmú yín."

Màmá Oyèdélé ni ọ̀gá ilé ìwé náà. Ọgbà ilé ìwé náà ló ń gbé. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, ó ní àtọ̀gbẹ, ìbẹ̀rù àrùn yìí kò sì jẹ́ kó sùn dáadáa. Ojú fèrèsé ló ti rí mi. Ó ní, "Dúró níbẹ̀ o, ìyá." Mo dúró. Mo kí i, ẹ kú ilé, ẹ kú àìrìnnà, ẹ kú ewu ìgbà yìí. Ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo kúnlẹ̀ nínú yanrìn lókèèrè, mo fi ọwọ́ méjèèjì na ìwé náà. Ọwọ́ rẹ̀ jáde, gẹ́gẹ́ bí Bàbá Làsísì ti wí. Àfi bó ṣe rántí, tó fà á padà.

"Má bínú. Bá mi gbé e lé òkúta yẹn."

Mo gbé e lé òkúta, mo fi òkúta kékeré tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ nítorí afẹ́fẹ́.

"Kí ló wà nínú ẹ̀?"

"Ẹ kà á, mà."

Ó mi orí. Ó wá rẹ́rìn-ín sí mi. "Fúnmi dáadáa? Sọ fún un kó múra sílẹ̀ o. Ọjọ́ Ajé la máa rí ara wa."

Ẹ wo ibi tí òfin Bàbá Làsísì ti dì mí lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ọ̀fun mi. Mo gbé e mì, mo kí i pé ó dàbọ̀, mo sì lọ.

Lọ́jọ́ Ajé, mo wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí Fúnmi pè mí. "Mọ́mì, wọ́n ń lọ o." Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọjá pẹ̀lú yunifọ́ọ̀mù àti ìbòmú, wọ́n ń pè é pé kí ló ń dúró dè. Èmi ni mo jíṣẹ́ ìwé tó ní kí wọ́n má lọ. Mo ní kó dúró. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà, yunifọ́ọ̀mù náà lọ́rùn rẹ̀, ó ń wo títì. Lọ́sàn-án ni àwọn ọmọ náà ń padà bọ̀, wọ́n ní Màmá Oyèdélé ṣàdédé lé gbogbo wọn sílé, ojú rẹ̀ funfun.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, lọ́yà Àlàájì ti padà sí kóòtù, ó ní ọ̀gá ilé ìwé fojú tẹ́ńbẹ́lú àṣẹ, kí wọ́n fi í sẹ́wọ̀n. Wọ́n pè mí pé kí n wá jẹ́rìí. Inú kóòtù kún ju bó ṣe yẹ lọ, àwọn òbí pín sí ọ̀nà méjì, apá kan ní kí ilé ìwé ṣí, apá kan ní kó má ṣí. Fèrèsé kan ṣoṣo ló ṣeé ṣí.

Lọ́yà náà bi mí, "Ṣé ẹ fún un ní ìwé náà?"

"Mo gbé e lé orí òkúta níwájú rẹ̀, sà, bó ṣe ní kí n ṣe."

"Ṣé ó rí i?"

"Ó rí i, sà."

"Ẹ sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún un?"

"Bélífù kì í sọ ọ́, sà."

Ó jókòó, inú rẹ̀ dùn. Adájọ́ wá kọjú sí Màmá Oyèdélé. Ó ní kí ó ṣàlàyé bó ṣe rí àṣẹ kóòtù lọ́jọ́ Jímọ̀ tó sì ṣí ilé ìwé lọ́jọ́ Ajé.

Ìyá náà dìde. "Olúwa mi, mi ò tí ì kà á. Mo sá a ni."

"Ẹ sá kí ni?"

"Ìwé náà, Olúwa mi. Gbogbo ìwé tó bá wọ ilé mi ni mò ń sá sóòrùn kí àrùn ara rẹ̀ lè kú, kí n tó fọwọ́ kàn án. Lọ́jọ́ Jímọ̀, oòrùn ti rọ̀. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, òjò rọ̀, mo fi ọ̀pá gbé e wọ ilé ìdáná. Lọ́jọ́ Ìsinmi, mo tún gbé e sóòrùn, mo sì gbàgbé rẹ̀ lórí páànù. Àwọn ọmọ ti wà ní kíláàsì lọ́jọ́ Ajé kí n tó rántí. Bí mo ṣe kà á ni mo lé wọn."

Adájọ́ kò rẹ́rìn-ín. "Gbogbo ìwé lẹ máa ń sá?"

"Owó pàápàá, mo máa ń sá a, Olúwa mi."

Ẹnì kan lẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ni gbogbo ilé bá gbà á. Mo wo Àlàájì Gàárúbà. Ó tẹrí ba, èjìká rẹ̀ ń mì. Lẹ́yìn náà ó gbé ọwọ́ sókè, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Olúwa mi, èmi náà ń sá tèmi. Ẹ má fi ìyá yìí sẹ́wọ̀n nítorí mi." Lọ́yà rẹ̀ fà á láṣọ, kò gbọ́.

Adájọ́ gbé aṣọ pélébé kan sókè, ó ń rùn fún ọṣẹ apakòkòrò. Ó ní aṣọ náà ni òun fi ń nu fáìlì náà láàárọ̀, nítorí náà ẹnikẹ́ni kò ní lọ sẹ́wọ̀n. Ó wá ní kí àwọn tó pẹjọ́ àti àwọn tí wọ́n pè lẹ́jọ́ jọ lọ sí ilé ìwé náà, kí bélífù bá wọn lọ, kí wọ́n wo ohun tó ṣeé ṣe, kí wọ́n sì padà wá jíṣẹ́ fún òun.

Ọjọ́ yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ràn Àlàájì Gàárúbà. Ó mú ọ̀pá tó fi ń wọn aṣọ ní Sábó wá. Ó ń wọn àlàfo láàárín bẹ́ǹṣì sí bẹ́ǹṣì bí ẹni pé oníbàárà ń dúró dè é. "Ọ̀pá méjì," bó ṣe ń wí nìyẹn. "Ẹ má tàn mí. Ọ̀pá méjì." Aṣojú ìjọba ní kò sí yàrá tó máa tó wọn bẹ́ẹ̀. Màmá Oyèdélé tọ́ka sí yàrá àwọn kíláàsì kékeré tó ṣófo, àti abẹ́ igi máńgòrò. Aṣojú ìjọba ní omi ńkọ́, kò sí owó omi. Àwọn ìyá ìjọ wa tó tẹ̀ lé wa ní àwọn máa pọn ún ní apá kan ọ̀sẹ̀. Àlàájì ní ọ̀rẹ́ òun kan ní táńkà, yóò gbé ìyókù. Aṣojú ìjọba náà wá ní ìjọba máa pèsè ọṣẹ. Nígbà tó di ọ̀sán, gbogbo wa ti ń gbé bẹ́ǹṣì, lọ́yà Àlàájì àti ti ìjọba di orí àti ìdí bẹ́ǹṣì kan náà mú.

Nǹkan kan ṣoṣo ni Àlàájì kò yí padà lórí rẹ̀. Ó ní bí àrùn bá wọ ilé ọmọ kan, kí ọmọ náà dúró sílé títí àwọn elétò ìlera yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò, kódà bí ìdánwò bá bá a níbẹ̀. Gbogbo wa gbà. Adájọ́ sọ àdéhùn náà di àṣẹ kóòtù, àwọn ọmọ sì wọlé. Fúnmi kọrin dé ilé ìwé lọ́jọ́ náà.

Ilé tèmi ni àrùn náà kọ́kọ́ wọ̀.

Mi ò mọ ibi tí mo ti kó o. N kò ní sọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa ibi tí wọ́n gbé mi lọ. Ẹ̀rù rẹ̀ ṣì ń bà mí. Bí ẹnì kan bá wúkọ́ lẹ́yìn mi nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá báyìí, màá sọ̀ kalẹ̀. Kí ẹ ṣáà mọ̀ pé èémí jẹ́ ohun tí ènìyàn lè wá tì. Obìnrin kan wà lórí bẹ́ẹ̀dì kejì tó máa ń bi mí bóyá mo ti jí. Ó di òwúrọ̀ kan, mo jí, kò sẹ́ni tó bi mí.

Fúnmi wà nílé pẹ̀lú bàbá rẹ̀, wọn ò gbọdọ̀ jáde. Ìdánwò ń sún mọ́lé. Lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn, èrò tó ń jẹ mí ju ikú lọ ni pé ọmọ tí ẹjọ́ kò dá dúró, ara ìyá rẹ̀ ló fẹ́ dá a dúró. Mo rò pé àwọn ènìyàn á máa sọ ní Sábó pé, ẹ ò rí i, Àlàájì ti wí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo lè gbé fóònù, ọkọ mi sọ fún mi pé ojoojúmọ́ ni Sàádátù ń da gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ wọn kọ, tó ń gbé e sórí odi wa. Bàbá rẹ̀ ló ń gbé e wá, ó máa ń dúró lódìkejì títì títí Fúnmi fi máa mú un. Nígbà mìíràn ọ̀rá atalẹ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ máa ń wà lára rẹ̀.

Àlàájì pè mí lẹ́ẹ̀kan. Mi ò lágbára láti sọ̀rọ̀, òun ló ń sọ ọ́. Ó ní, "Ìyá Fúnmi, ẹ má kú o. Mi ò fẹ́ kí ẹjọ́ mi járe báyìí."

Mo padà sílé, àmọ́ àyà mi kò padà sí bó ṣe wà. Àtẹ̀gùn kóòtù di òkè. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni mo kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Bàbá Làsísì wá láti Ọ̀yọ́ kí mi, ó jókòó sí ìta gbangba, ó kọ̀ láti wọlé, ó sì kí mi ní gbogbo oríṣi ìkíni tó kọ́ mi nígbà náà, ó wá fi ọ̀kan tí mi ò gbọ́ rí lé e: ẹ kú àjàbọ́ lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n sọ fún mi pé orí fóònù ni wọ́n ń fi ìwé mìíràn ránṣẹ́ báyìí. Bóyá ó dára bẹ́ẹ̀. Àwọn tó wà níṣẹ́ nísinsìnyí kò ní kó àrùn láti ara fóònù. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wọ irú iṣẹ́ yìí, tàbí iṣẹ́ yòówù tí ẹ ti ń gbé ìròyìn tí kò dùn dé ọ̀dọ̀ ènìyàn, ẹ kọ́kọ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kíni. Ìyókù á yé yín tó bá yá.

Kí n parí ti ìdánwò náà. Ìròyìn àyẹ̀wò Fúnmi kò dé títí ó fi ku ọ̀la. Ní ìrọ̀lẹ́ ni elétò ìlera pè, wọ́n ní kò ní nǹkan kan, ó lè lọ. Mo tẹ̀ lé e láàárọ̀, mò ń sinmi ní gbogbo ibi tí òjìji bá wà. Àwọn òbí tó wà lẹ́nu géètì rí wa, wọ́n ń sún sẹ́yìn. Mi ò bá wọn wí. Bí mo bá jẹ́ wọn, màá sún.

Àlàájì Gàárúbà wà níbẹ̀, Sàádátù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó bi mí pé, "Ṣé wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò?"

"Wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò, Àlàájì. Kò ní nǹkan kan."

Ó wo ọmọ mi. Mo rí i pé ẹ̀rù ń bà á, ó ń ka tẹ̀sùbáà rẹ̀ kíákíá. Sàádátù ti ń lọ sí géètì.

Ó ní, "Sàádátù, dúró de ẹgbẹ́ rẹ. Kí ẹ jọ wọlé."

Àwọn méjèèjì jọ wọlé. Èmi lọ jókòó sábẹ́ igi ní apá kan títì, òun jókòó sí apá kejì. Agogo lù, ilé ìwé pa rọ́rọ́. Oòrùn ń ga bọ̀. Àwọn òbí yòókù ń lọ sílé lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwa méjèèjì kò kúrò níbẹ̀.